Àlejò Tí Kò Ní Ìwé àti Ààbò Ìlú

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù

 

Ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá, àbá kan dé iwájú ẹgbẹ́ yìí. Àbá náà ni pé kí a kọ̀wé sí ìjọba, kí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti kó ẹrù wọn kúrò ní ilẹ̀ wa, nítorí pé àwọn ni ó ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà oko. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa pàtẹ́wọ́. Àwa náà ti gbé ọwọ́ sókè kí a pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rìnlá tí a gbọ́ yẹn dá ọwọ́ wa dúró, nítorí pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a óò gbọ́ irú rẹ̀ nínú ìdílé wa. Nígbà tí Alága rí i pé a kò pàtẹ́wọ́, ó ní kí a wá sọ ohun tí ó wà nínú wa. Ìdí tí a fi dìde lónìí nìyẹn.

A kò dìde láti sọ pé ẹ̀rù tí ń ba àwọn ará wa kò nídìí. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ 5 oṣù June, 2022, àwọn apànìyàn wọ ilé ìjọsìn Francis Mímọ́ ní ìlú Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì pa nǹkan bí ogójì ènìyàn, àtọmọdé àtàgbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù January, 2024, wọ́n dá ọba mẹ́ta lọ́nà ní ilẹ̀ Èkìtì. Onímòjò ti Ìmòjò àti Elésùn ti Èsùn bá a lọ, ẹnì kẹta ni orí yọ. Ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Èmùré. Láti ìgbà náà, bí ó bá di àkókò tí a máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lọ sí àwọn ilé-ìwé abúlé láti fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ìkọ́ni, àwọn òbí a máa wá bá wa ní òru, wọn a máa bẹ̀ wá kí a fi ọmọ wọn sí àárín ìlú. A kò lè bá wọn wí. Ìlú tí ọba rẹ̀ kò lè rin ọ̀nà ní ọ̀sán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ẹ̀fẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ bi ara wa ni pé oògùn tí àbá yìí gbé wá, ǹjẹ́ a ti lò ó rí? A ti lò ó. Wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún wa, lẹ́yìn náà ni àwa pẹ̀lú lò ó fún ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣe fún àìsàn náà.

Láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará wa ti ń rìn lọ sí Gold Coast. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì, Ìníṣà àti Ẹ̀jìgbò ru aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n dé Kumasi, wọ́n dé Tamale, wọ́n dé àwọn ọjà tí ọkọ̀ kò tí ì dé. Àwọn mìíràn wa dáyámọ́ǹdì ní Akwatia. Ní ọdún 1960 tí ìjọba Gánà ka ènìyàn, àwọn Yorùbá tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 100,000, iye tí àwọn baba wa ìbá pè ní ọ̀kẹ́ márùn-ún. Alata ni orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pè wọ́n, ọṣẹ dúdú tí wọ́n kó lọ sì gba orúkọ náà mọ́ra: títí di òní alata samina ni wọ́n ń pè é ní Gánà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Ta ni ìbá bi wọ́n léèrè ìwé? Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó ń ṣàkóso Èkó àti Accra. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní 1957, tí àwa sì gba tiwa ní 1960, ènìyàn sùn ní ọmọ ilé, ó jí ní àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tí ó tẹ́ ẹní sí. Ní 1963 ìjọba Gánà ṣe òfin kan nípa àwọn àjèjì, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn ará wa sì ń bá òwò wọn lọ.

Ní oṣù October, 1969, Dókítà Kofi Abrefa Busia di olórí ìjọba Gánà. Ó bá gbèsè rẹpẹtẹ nílẹ̀, ó sì bá àwọn ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe. Kò tí ì pé oṣù méjì tí àṣẹ fi jáde ní ọjọ́ 18 oṣù November: àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, kí ó gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó jáde. Wọ́n ní àwọn àjèjì ti gba ọjà mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ni ó ń jalè.

Ẹ̀gbọ́n baba wa obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Tàmálè títí ó fi kú, ti lo ọdún mọ́kànlélógún níbẹ̀. Aṣọ ni ó ń tà. A kò tí ì bí wa nígbà náà, ṣùgbọ́n ó sọ ìtàn náà fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi mọ̀ ọ́n bí ẹni pé a wà níbẹ̀. Àwìn ni àwọn oníbàárà rẹ̀ fi ń rà, wọn a san án nígbà tí irè oko bá wọlé. Oṣù November sì ni owó àwìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀. Ó lọ tò fún ìwé. Ó tò ní ọjọ́ mẹ́ta, ìlà náà kò sún síwájú. Ní ọjọ́ kẹwàá ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ní iye tí a fi ń ra adìẹ mẹ́ta, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gba Tógò, wọ́n gba ilẹ̀ Dàhòmì tí a ń pè ní Benin nísinsìnyí, wọ́n fi eruku wọlé. Obìnrin ará Tamale kan tí ń gbé àgbàlá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ni ó bá a gba gbèsè díẹ̀, tí ó sì fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì. Ìwé tí ó kọ orúkọ àwọn onígbèsè yòókù sí wà nínú àpótí rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Àwa ni a kó àpótí náà jáde. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ Dagbani láàárín ara wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìlú tí a sọ fún wọn pé ó jẹ́ tiwọn, àwọn ọmọ àdúgbò sọ wọ́n ní ọmọ Gánà. Báyìí ni wọ́n ṣe di àjèjì nílé àti lóko láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kí ni Gánà rí gbà nínú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ṣófo. Àwọn olóko kòkó wá alágbàṣe tì, nítorí pé àwọn ará Upper Volta tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ ti sá lọ. Ní oṣù December, 1971, ìjọba fúnra rẹ̀ dín iye owó cedi kù lọ́nà tí ó pọ̀ púpọ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 13 oṣù January, 1972, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Acheampong gba ìjọba. A kò sọ pé lílé àwọn àlejò ni ó bi ìjọba Busia ṣubú. Gbèsè wà níbẹ̀, owó kòkó wà níbẹ̀, ìbínú àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé gbèsè náà kò bá Ìyá Tàmálè wọ ọkọ̀ akẹ́rù.

Ó yẹ kí àwa tí wọ́n ṣe é sí ti fi í kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo rọ̀bì mú owó wọ ilẹ̀ wa, ọ̀nà yí padà, àwọn ará Gánà ni ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù May, 1979, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì fún 90 ọjọ́ láìgba ìwé àṣẹ ìwọlé. Ilé ń dìde níbi gbogbo nígbà náà. Bíríkìlà, káfíńtà, aránbàtà, télọ̀, olùkọ́, a ń wá gbogbo wọn. Ọjọ́ 90 a pé, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ohunkóhun, nítorí pé iṣẹ́ ń bẹ, owó ọ̀yà wọn kò sì pọ̀. Ìyẹn ni pé ìwọ̀nba ìgbà tí a ń rí èrè lára wọn, àìní ìwé wọn kò ru wá lójú.

Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kano ní oṣù December, 1980. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Muhammadu Marwa, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Maitatsine, ni ó dá a sílẹ̀. Ìlú Marwa ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni ó ti wá. Ó ju 4,000 ènìyàn lọ tí ó kú. Ní oṣù October, 1982, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tún dìde ní Maiduguri. Ní àkókò kan náà owó epo ń já wálẹ̀, iṣẹ́ ń dúró, olè ń pọ̀, ìdìbò sì ń bọ̀ ní oṣù August, 1983. Gbogbo ìdààmú wọ̀nyí ni a kó jọ, tí a sì gbé ka orí ẹnì kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 17 oṣù January, 1983, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé, tí wọn kò sì ní iṣẹ́ ọwọ́ pàtàkì, jáde kí oṣù náà tó parí. Ẹ gbọ́ ọ: ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tí ó jáde, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù. Ìjọba Gánà ti ti ibodè rẹ̀ láti oṣù September, 1982. Nítorí náà Tógò àti Benin ti tiwọn kí èrò má bàa kún wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì há sí Sèmè pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ títí di ọjọ́ 29 oṣù January tí Gánà fi ṣí ọ̀nà. Báàgì onílà gbàràmù-gbaramu tí wọ́n kó ẹrù sí, orúkọ tí a fi ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́ ni ó ń jẹ́ títí di òní ní gbogbo ọjà wa, “Ghana must go”, a sì ń pè é láìronú.

Ọmọ ilé-ìwé ni wá nígbà náà. Aránbàtà kan wà ní ojú ọ̀nà wa tí ó máa ń rán bàtà ilé-ìwé wa láìgba owó bí ihò rẹ̀ kò bá tóbi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó ń lọ, àwọn ènìyàn dúró wò ó, àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín pé ẹ̀san ti ké, pé ohun tí wọ́n ṣe fún wa ní 1969 nìyí. Ìyá Tàmálè jáde láti inú ilé pẹ̀lú gààrí àti ẹja gbígbẹ nínú àpò, ó fi lé e lọ́wọ́, ó wọlé padà. Kò bá a sọ̀rọ̀, kò sì bá àwọn tí ń rẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ààbò, nítorí òun ni a torí rẹ̀ pàdé. Ǹjẹ́ ìlú tòrò? Àwọn ọmọ Maitatsine tún jà ní Yola ní 1984, wọ́n tún jà ní Gombe ní oṣù April, 1985, ẹ̀yìn tí a ti lé àwọn àjèjì lọ tán. Nítorí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Kamẹrúùnù ni olórí wọn, ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì ti lé ọkùnrin náà padà sí ilé rẹ̀ rí, ó sì padà wá. Ó gbé Kano fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń kó ènìyàn jọ lójú gbogbo ayé. Kì í ṣe pé a kò rí i; a rí i, a kò sì ṣe nǹkan kan. Ní ti olè, ìjọba ológun tún lé àwọn àjèjì ní oṣù April àti May, 1985, bí ẹni pé ti àkọ́kọ́ kò tó. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1986, ta ni ó da jìnnìjìnnì bo Benin City? Lawrence Anini ni, ọmọ bíbí ibẹ̀, ẹni tí ó sì ń ta á lólobó ni George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá. Àwọn méjèèjì ní ìwé tiwọn pé. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Àwọn kan lè bi wá pé kí ni ó dé tí ìjọba lóríṣiríṣi fi ń padà sí oògùn tí kò wo àìsàn. Ìdáhùn náà kò jìnnà. Àjèjì kò ní ìbò. Kò ní ìwé ìròyìn tí yóò gbè é níjà, kò sì ní ará nínú ilé ìgbìmọ̀. Bí a bá lé e, ìròyìn yóò kún fún ọkọ̀ tí ń lọ, gbogbo ènìyàn yóò rí i pé ìjọba ń ṣiṣẹ́; bẹ́ẹ̀ ni bí a bá ń wá ọlọ́pàá tí ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ọdún yóò gorí ọdún, àwọn alágbára yóò sì bínú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ àjèjì jẹ́ ìbòjú lásán. Ní oṣù August, 1957, ìjọba Gánà lé Amadu Baba, olórí àwọn ará Sóńgò ní Kumasi, àti Othman Larden kúrò nílùú, wọ́n kó wọn wá sí Nàìjíríà. Àwọn méjèèjì sọ pé ọmọ Gold Coast ni àwọn. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn gan-an ni pé ẹgbẹ́ alátakò ni wọ́n ń ṣe.

A kò sọ pé kò sí ẹni ibi tí ń ti òkèèrè wá. Ó wà. Láti ìgbà tí ìjọba Gaddafi ti wó ní Libya ní 2011 ni ohun ìjà ti ń ṣàn gba aṣálẹ̀ wá, nígbà tí Ààrẹ Buhari sì sọ ọ́ ní London ní oṣù April, 2018, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a lè pè ní àwáwí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti aṣálẹ̀ wá kò mọ ọ̀nà oko Ọ̀wọ̀. Kò mọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ilẹ̀, kò sì mọ ọjọ́ tí owó yóò wà nílé. Ẹnì kan nílé ni ó sọ fún un, ẹnì kan ni ó ń gbé oúnjẹ lọ bá a, ẹnì kan ni ó sì ń bá a ra káàdì fóònù tí a fi ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀. Bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò ráyè wọ̀ ọ́.

Ẹ tún gbé ọ̀rọ̀ ibodè yẹ̀ wò. Ní 2013, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Abba Moro, sọ pé ọ̀nà tí ìjọba mọ̀ tí ó wọ Nàìjíríà jẹ́ 84, àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú sì jẹ́ 1,499. Nígbà tí ìjọba wá ti ibodè orí ilẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù August, 2019, èwo nínú wọn ni wọ́n tì? Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n tì. Àwọn onífàyàwọ́ ń gba tiwọn lọ, ìrẹsì gbówó lórí, obìnrin tí ń ta tòmátì láti Ìdíròkò sí Pọ̀bẹ́ ni ó jókòó sílé. Ní ọjọ́ 11 oṣù December, 2020, ibodè ṣì wà ní títì nígbà tí wọ́n kó ju 300 ọmọkùnrin lọ ní ilé-ìwé ní Kankara. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba kéde pé òun ti ṣí ibodè mẹ́rin.

Ohun tí ó sì dùn wá jù nínú ìtàn yìí ni pé ní oṣù July, 2019, ìjọba kan náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó dára. Wọ́n ní kí gbogbo àjèjì tí ń gbé ilẹ̀ wa láìníwèé wá forúkọ sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, láìsan ìtánràn, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n tẹ ìka. Iṣẹ́ ààbò nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tí ì pé ọjọ́ ogójì tí wọ́n fi ti ibodè, ta ni ó sì máa jáde wá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará rẹ̀?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa fìdí kalẹ̀ sí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí kò níwèé, tí ó sì mọ̀ pé wọn yóò lé òun, ń sá fún ọlọ́pàá. Bí ó bá sùn sínú igbó, tí ó sì rí àwọn tí ń gbé ìbọn kọjá ní òru, kò lè lọ sọ, nítorí pé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ dè. Ọlọ́pàá tí ó mọ̀ pé kò níwèé a máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àǹfààní ọlọ́pàá náà sì ni pé kí ó má ní ìwé láéláé. Ọ̀gá tí ó gbà á síṣẹ́ a máa san ìdajì owó ọ̀yà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn púpọ̀ ṣe ń gbé láàárín wa tí a kò mọ orúkọ wọn, ẹni ibi sì ń fara pa mọ́ sáàárín wọn bí ejò nínú koríko. Bí a bá fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, aránbàtà ni yóò lọ, nítorí pé òun ní ìsọ̀ tí a lè rí. Ẹni tí ń gbé ìbọn kò ní ìsọ̀. Àṣẹ náà kò ní kàn án.

A sì ní láti bi ara wa pé ta ni àjèjì. Ní ọjọ́ 10 oṣù August, 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé pín ilẹ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn. Ilé Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì; Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí ọ̀hún pátápátá. Nígbà tí Faransé ń fi agbára kó àwọn ọ̀dọ́ ṣe iṣẹ́ ọba àti ṣe ológun, ọ̀pọ̀ ìdílé dìde ní òru, wọ́n sọdá sí ìhín, àwọn baálé ìhín sì fún wọn ní ilẹ̀. Ọmọ ọmọ wọn wà nínú ẹgbẹ́ yìí. A kò ní dárúkọ. Bí a bá kọ ọ́ pé gbogbo ẹni tí kò níwèé ni kí a lé, àwọn ìbátan Alákétu tí wọ́n wá ṣe ọdún ní Ìmẹ̀kọ yóò wà nínú rẹ̀. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, darandaran tí ó ti Sókótó wá kì í ṣe àjèjì lójú òfin: ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 41, fún un láyè láti gbé ibi tí ó bá wù ú, bí ó ti fún ọmọ yín tí ń gbé Kaduna. Bí ó bá fi màlúù jẹ oko, ìjẹko ni kí a bá a wí. Nígbà tí Gómìnà Akeredolu ní oṣù January, 2021, sọ pé kí àwọn darandaran tí kò forúkọ sílẹ̀ jáde nínú igbó ọba ní ìpínlẹ̀ Oǹdó láàárín ọjọ́ méje, ariwo pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé igbó ọba ni ó sọ, ìforúkọsílẹ̀ ni ó sì bèèrè. A rò pé ìyẹn sún mọ́ ọ̀nà ju àbá tiwa lọ.

Ní ayé àwọn baba wa, àlejò kì í wọ̀lú láìní onílé. Bí ó bá dé, ẹni tí ó wọ̀ sí ilé rẹ̀ yóò mú un lọ sọ́dọ̀ baálé, baálé yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì mú un dé ọ̀dọ̀ ọba bí ó bá fẹ́ pẹ́. Bí àlejò bá ṣẹ̀, onílé rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ pè. Kò sí ìwé nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a kò mọ̀. Ìbàdàn tí ó kún fún àwọn tí ogun lé wá láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, báyìí ni ó ṣe kọ́ ara rẹ̀ jọ: olórí ogun kọ̀ọ̀kan mọ àwọn tí ó wà ní agbo ilé rẹ̀, ó sì ń dáhùn fún wọn.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ fi orí jì wá, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kò ní dùn. Ta ni ó fọ́ àṣà yìí? Kì í ṣe àjèjì. Ẹni tí ó ní ilé àyágbé, tí ó ń gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà láìmọ iye ènìyàn tí ó sùn nínú yàrá, ọmọ wa ni. Ẹni tí ó ń fún agégi àti awakùsà ní igbó, tí ó sì ń gba owó lábẹ́ agbádá, a mọ̀ ọ́n. Ní abúlé kan tí a mọ̀ dáradára, àwọn ọkùnrin kan wá pàgọ́ sẹ́yìn odò. Baálé gba ewúrẹ́ mẹ́ta àti owó lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí nǹkan bàjẹ́, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn wá bi í ní orúkọ olórí wọn, ó ní, “Alhaji ni a ń pè é.” Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ mẹ́ta ni iye tí a ta orúkọ àlejò.

Nítorí náà a bẹ ẹgbẹ́ kí a tún àbá náà ṣe. A kò ní kí a pa á tì. Kí ọjọ́ mẹ́rìnlá kúrò nínú rẹ̀, kí a sì bẹ ìjọba kí ó tún ìforúkọsílẹ̀ ti 2019 bẹ̀rẹ̀, fún oṣù mẹ́fà pé, láìti ibodè mọ́ ọn lórí, kí wọ́n sì mú un dé àwọn ìlú ibodè àti ọjà wa, kì í ṣe Abuja nìkan. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti wá lẹ́yìn náà, kí òfin mú un. Ní tiwa, kí baálé kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a óò máa kọ orúkọ àlejò àti orúkọ onílé rẹ̀ sí, ìbáà ṣe ará Gánà, ìbáà ṣe ará Niger, ìbáà ṣe ọmọ Yorùbá láti ìlú mìíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti sọ pé àwọn yóò bá àwọn baálé tí kò mọ̀wé kọ ọ́. Onílé tí kò bá mú àlejò rẹ̀ wá, òun ni kí a kọ́kọ́ pè. Kí ìjòyè tí yóò fún ẹnikẹ́ni ní igbó ṣe é ní gbangba, níwájú ìgbìmọ̀, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn.

Àtúnṣe náà wà ní ojú ìwé kan ṣoṣo lọ́wọ́ akọ̀wé. Alága ti gbà pé a óò dìbò lé e lórí ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, a fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí yóò dìbò, ìbáà gbè wá, ìbáà takò wá, kọ orúkọ àwọn àlejò tí ń gbé nínú ilé tirẹ̀ sínú ìwé, kí ó mú un wá. Tiwa jẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí a fẹ́ kọ wọ́n lánàá, ẹnì kan ṣoṣo ni a mọ orúkọ baba rẹ̀. Àwọn méjì yòókù ni a ní láti lọ kàn ilẹ̀kùn fún kí a bi wọ́n léèrè.